Etí omi ni kí ẹ máa ṣọ́: dáàmù, ẹ̀fọn àti eku

Ìbéèrè: Abúlé wa kò ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ sí adágún dáàmù Ọyán, lápá òkè Abẹ́òkúta. Ẹ̀fọn tó yẹ kó dínkù lẹ́ẹ̀rùn kì í dínkù lọ́dọ̀ wa, eku sì máa ń ya wọlé láti oṣù kejìlá lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń dá owó jọ láti ra apakòkòrò tí wọn yóò dà sínú adágún. Ṣé dáàmù ló fà á lóòótọ́? Ṣé oògùn náà yóò ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dá owó oògùn yẹn dúró ná. Bí adágún Ọyán bá kún, ó tẹ́ rẹrẹ tó nǹkan bí 40 kìlómítà onígun mẹ́rin, omi tó sì lè gbà dúró tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Agbára abúlé kan kò lè ká irú omi bẹ́ẹ̀. Omi yìí náà ni wọ́n ń tú sílẹ̀ sínú odò Ògùn tí iléeṣẹ́ omi Abẹ́òkúta àti ti Èkó fi ń rí omi fà. Apakòkòrò oko tí ẹ bá dà sí i yóò pa ẹja etí omi, ẹ ó sì ti bá ẹni tó ń mu omi nísàlẹ̀ jà láìmọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kò sí níbi tí wọ́n fẹ́ da oògùn náà sí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí kì í ṣe àròsọ. Dáàmù lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò lórí 1,268 dáàmù ńlá ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Wọ́n rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ènìyàn ló ń gbé láàárín kìlómítà 5 sí irú adágún bẹ́ẹ̀ níbi tí ibà wà, àti pé ó kéré tán, ìgbà mílíọ̀nù 1.1 ni ibà ń mú ènìyàn lọ́dún nítorí àwọn dáàmù náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé kì í ṣe omi tó fẹ̀ lọ salalu yẹn ló ń bí ẹ̀fọn. Etí rẹ̀ ni.

Àárín adágún kò bá ẹ̀fọn lára mu. Atẹ́gùn ń ru omi ibẹ̀, ìgbì ń bo tanwíji mọ́lẹ̀, ẹja sì ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Tanwíji Anopheles, ìyẹn ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja sójú omi kó tó lè mí. Omi tó bá ń mì kò jẹ́ kó ráyè. Ohun tí Anopheles gambiae ń wá ni omi tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò jìn, tí oòrùn ń pa: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà, kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ yanrìn, ọ̀gọ̀dọ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí adágún fà sẹ́yìn. Ẹyin rẹ̀ máa ń pa ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àti pé nínú irú ooru tiwa, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ fi ọjọ́ 7 yẹn sọ́kàn, òun ni òṣùwọ̀n gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀.

Ẹ wá wo ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní kò sí dáàmù, ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò máa bá yín gbẹ ibùgbé ẹ̀fọn. Dáàmù yí ètò yẹn padà. Òjò ń kún adágún títí di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tó bá sì di oṣù kọkànlá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ omi fún oṣù púpọ̀ yọ síta, ó rọ̀, ó rin, ó kún fún kòtò. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn darandaran ń kó màlúù wá mu omi, àsìkò yẹn ni àwọn àgbẹ̀ ń gbẹ́ kànga kéékèèké láti fi bomi rin ẹ̀fọ́. Nígbà òjò, ẹ̀fọn wà níbi gbogbo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó wà létí adágún àti ẹni tó jìnnà sí i kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oṣù kìíní sí ìkẹta ni dáàmù fi ń bu ìyà tirẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ jíjìnnà náà sì ṣe pàtàkì, nítorí Anopheles kì í sábà fò ju kìlómítà 2 sí 3 lọ sí ibi tí wọ́n ti bí i. Ní adágún Koka ní Ẹtiópíà, àwọn abúlé tó wà láàárín kìlómítà 3 ni ibà ń dà láàmú jù. Kìlómítà kan àbọ̀ tiyín wà nínú ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ gbé e dé.

Irú ẹ̀fọn kejì tó ń gbé ibà ni Anopheles funestus. Èyí kò fẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ onígbà díẹ̀. Etí omi tí koríko ti hù, tó ní ìbòòji, tí omi kò ti gbẹ rí, ni ó ń fẹ́, ó sì máa ń pọ̀ lẹ́yìn tí òjò ti lọ. Bí ẹ bá dí gbogbo ẹsẹ̀ màlúù tán tí ẹ fi koríko gíga sílẹ̀ nínú omi, ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ṣe.

Ojú oró ń lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Mansonia. Tanwíji rẹ̀ kì í wá sójú omi láti mí: ó máa ń gún gbòǹgbò ojú oró, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n ń dà sójú omi kò fi ń pa á. Kì í gbé ibà, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹni kíkankíkan, ó sì lè jẹ́ òun ni púpọ̀ nínú ohun tó ń dà yín láàmú ní ìrọ̀lẹ́. Òògùn rẹ̀ tó dájú jù fún yín ni kí ẹ fa ojú oró náà tu, kí ẹ kó o lọ sókè ju ibi tí omi máa ń kún dé lọ. Àwọn tó ń kó o jọ sí bèbè lásán máa ń rí i pé omi tún gbé e lọ nígbà tó bá dé.

Culex tó ń kùn létí lóru ń ti inú ṣáláńgá àti gọ́tà ìdọ̀tí jáde, kì í ṣe adágún. Aedes, tó lè gbé ibà apọ́njú, ń yé ẹyin sára dúrọ́ọ̀mù àti ìkòkò omi inú ilé. Abúlé tó wà létí adágún tí kò ní omi ẹ̀rọ, tó ń pọn omi pamọ́, ń sin Aedes fúnra rẹ̀. Ẹ bo dúrọ́ọ̀mù dáadáa. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ sì fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀ nínú, nítorí ẹyin Aedes lẹ̀ mọ́ ara agolo ni, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ kó tó rí omi pa. Ẹni tó kàn da omi nù láì fọ agolo kò ṣe nǹkan kan.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wá ibi tí tanwíji wà gan-an. Ẹ mú abọ́ funfun kékeré, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lò ń gba nǹkan bí 350 mìlílítà, kí ẹ so ó mọ́ igi gígùn. Ẹ lọ láàárọ̀, kí òjìji yín má bọ́ sórí omi, torí tanwíji tó bá rí òjìji yóò rì sísàlẹ̀. Ẹ tẹ abọ́ náà wọ omi ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, kí omi rọra ya sínú rẹ̀. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ọ̀gọ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ka tanwíji, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ bá ojú omi dọ́gba ni Anopheles. Èyí tó dorí kodò, tó na ìdí sójú omi, ni Culex tàbí Aedes. Èyí tó ti ká kò, tó ní orí ńlá, ti parí jíjẹun, ó ku nǹkan bí ọjọ́ méjì kó fò. Bí ẹ bá ṣe èyí lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ẹ ó rí i pé ọ̀gọ̀dọ̀ díẹ̀ ló ń bí èyí tó pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni kí owó àwọn ọ̀dọ́ lọ.

Kòtò tí kò wúlò, ẹ dí i. Ẹ rọ erùpẹ̀ sí i ga ju ilẹ̀ àyíká lọ díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí erùpẹ̀ tuntun máa ń rì, òjò àkọ́kọ́ yóò sì sọ ọ́ di abọ́ padà. Ọ̀gọ̀dọ̀ tó tóbi ju dídí lọ, ẹ la ojú àgbàrá fún un kó ṣàn sínú adágún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: wọ́n á la á láti etí ọ̀gọ̀dọ̀, kì í ṣe láti ibi tó jìn jù. Omi á ṣàn lọ tán, á ku èyí tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, oòrùn á máa pa á, ẹja á sì ti bá omi lọ. Irú èyí dùn mọ́ ẹ̀fọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti màlúù, ẹ bá àwọn darandaran jókòó kí wọ́n máa gba ojú ọ̀nà kan tàbí méjì wọ omi, kí ẹ sì da yangí àti òkúta sí ojú ọ̀nà náà kí ẹsẹ̀ wọn má lè jìn. Kànga ẹ̀fọ́ tí ẹ̀ ń lò, ẹ jẹ́ kí ògiri rẹ̀ dúró gangan, kí ẹ ro etí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹja epìyà kéékèèké sí èyí tí kì í gbẹ. Èyí tí ẹ ti fi sílẹ̀, ẹ dí i lọ́jọ́ tí ẹ bá kórè tán. A rí i pé ibí yìí ló sábà máa ń bàjẹ́: gbogbo ènìyàn ń gbẹ́ kànga, kò sẹ́ni tó ń dí i.

Fún ọ̀gọ̀dọ̀ tí kò ṣeé dí tí kò sì ṣeé là, oògùn tó yẹ ni Bti. Kòkòrò àìfojúrí kan ni wọ́n fi ṣe é, tanwíji tó bá jẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í pa ẹja tàbí màlúù lára. Ìwọ̀n tó wà lára àpò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ sì tún un fọ́n ní ọjọ́ 7-7, nítorí oòrùn àti ẹrẹ̀ máa ń sọ agbára rẹ̀ dòfo. Kì í pa èyí tó ti ká kò, torí èyí kì í jẹun mọ́. Ẹni tó fọ́n ọn lónìí tó rí ẹ̀fọn tuntun lọ́túnla kò gbọdọ̀ sọ pé ayédèrú ni. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kò yẹ létí omi mímu rárá.

Kí ẹ tó rí èso iṣẹ́ yìí, nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni ààbò. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ká a kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ẹ nílò rẹ̀ jù àwọn tó jìnnà sí adágún.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Èyí tó lágbára jù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù. Ní Amẹ́ríkà, àjọ Tennessee Valley Authority tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 bá ibà ní àfonífojì odò náà, ó mú nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ro etí adágún wọn, wọ́n gbẹ́ ibi tí kò jìn kó lè jìn, wọ́n sì ń gbé omi sókè sódò ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ́sẹ̀ nígbà ooru tiwọn. Omi tó gòkè á gbá tanwíji jáde láàárín koríko, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ á fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tó fi di 1947, ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apakòkòrò DDT àti ilé tó sàn jù náà ṣiṣẹ́ tiwọn.

Ní Koka, àwọn onímọ̀ rí i pé bí omi bá ń fà ní 10 sí 20 mìlímítà lóòjọ́, tanwíji máa ń dínkù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní etí omi tẹ́ débi pé ẹ ó rin mítà 50 kí omi tó jìn ní mítà 1. Bí omi bá fà ní sẹ̀ǹtímítà 2 lóòjọ́, mítà 1 ilẹ̀ ni yóò yọ síta lóòjọ́. Láàárín ọjọ́ 7, ó di mítà 7, tanwíji tó ń wá ọjọ́ 7 kò ní rí omi gbé. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró lójú kan, tàbí tó ń fà tìlọ́ratìlọ́ra, adágún á máa sun omi gba abẹ́ ilẹ̀ bọ́ sínú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀, wọn ò ní gbẹ láéláé. Níbi tí bèbè bá sì ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọ̀gọ̀dọ̀ kì í sí rárá. Ìyẹn ló fi yẹ kí ìgbèríko tuntun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ dó máa wá bèbè gíga, kì í ṣe ibi tó tẹ́jú.

Kì í ṣe gbogbo dáàmù ló lè ṣe bí Tennessee. Ẹni tó ń fa omi ní Abẹ́òkúta fẹ́ omi lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò da omi nù lẹ́ẹ̀rùn nítorí ẹ̀fọn. Ohun tó bọ́gbọ́n mu láti béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni pé kí fífà omi má dúró lójú kan fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín oṣù kejìlá sí ìkẹta, kí wọ́n sì máa sọ fún yín ṣáájú bí omi yóò ṣe lọ, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ ó lọ dí kòtò.

Ọ̀rọ̀ eku gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí dáàmù bá kọ́kọ́ kún, omi wọ ihò, eku á sá gòkè, á ya wọ ilé àti oko tó sún mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, kí wọ́n tó jẹ́ kí omi dáàmù Three Gorges gòkè ní 2003, wọ́n palẹ̀ ṣáláńgá àti àkìtàn mọ́ nílẹ̀ tí omi fẹ́ bò, wọ́n sì pa eku níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìsáré yẹn á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n irú eku tó ṣẹ́ kù á yàtọ̀. Ní Thailand, adágún Chiew Larn tó kún ní 1987 sọ orí òkè igbó di erékùṣù. Láàárín nǹkan bí ọdún 25, àwọn ẹran kéékèèké igbó ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán, eku oko kan ṣoṣo ló gba ilẹ̀. Eku tó mọ ènìyàn lójú ló máa ń jàǹfààní.

Ọyán ti kún láti 1983, nítorí náà kì í ṣe omi ló ń lé eku wá bá yín mọ́. Oúnjẹ ni. Nígbà tí igbó bá gbẹ, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ tí ẹ gbìn sórí ilẹ̀ tí omi fà kúrò nìkan ló tutù ní gbogbo àyíká, eku á kóra jọ síbẹ̀, á bímọ. Nígbà tó bá wá di oṣù kejìlá sí ìkejì, ẹ kórè, àwọn kan finá sí igbó, oúnjẹ àti ibùgbé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé yín ló kàn.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù nínú wọn kì í ṣe òkété tàbí ọ̀yà. Mastomys natalensis ni, eku aláwọ̀ eérú tí ọmú rẹ̀ pọ̀ lọ títí, tó ń gbé oko àti ilé. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 23 lọ, ó sì lè bí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Òun ló ń gbé ibà Lásà, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ibà Lásà pọ̀ ní Oǹdó àti Ẹdó ju Ògùn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń le káàkiri. Àrùn kejì, leptospirosis, ń ti inú ìtọ̀ eku wọ omi àti ẹrẹ̀, ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Bàtà rọ́bà ni kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àkùrọ̀ máa wọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eku ní oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó dé. Ẹ wá ihò ara ilé: ibi tí ìka kékeré bá ti lè wọ̀, eku kékeré lè gbà á. Símẹ́ńtì àti àwọ̀n irin ni kí ẹ fi dí i, nítorí aṣọ àti igi, á gé e kọjá. Ẹ ro àyíká ilé ní mítà 3 sí 5. Àká tó wà lórí òpó kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1 lọ, kí òpó kọ̀ọ̀kan sì ní páànù tí wọ́n ká bí àtẹ́ oníhò yíká rẹ̀, èyí tí eku kò lè gùn kọjá. Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni àkàbà tí wọ́n gbàgbé sára àká, tàbí igi tí ẹ̀ka rẹ̀ kan òrùlé. Gàrí, ìrẹsì àti èlùbọ́ inú ilé, ẹ kó wọn sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le. Ẹ má sá gàrí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sí ẹ̀bá títì.

Tàkúté ṣiṣẹ́ ju májèlé lọ nínú ilé. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá ògiri, torí eku kì í gba àárín yàrá. Ẹ kó púpọ̀ sílẹ̀ lóru àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀: bí ẹ bá fi tàkúté 20 sílẹ̀ fún òru mẹ́ta, ìgbà 60 ni ẹ dẹ tàkúté, bí ẹ bá pa eku 6, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí ìdá yìí kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ibì kan wà tí wọ́n ti ń wọlé tí ẹ kò tíì rí. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú òkú eku, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ẹ fi nylon bo ọwọ́. Ẹ po ìwọ̀n bílíìṣì kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án, ẹ da á lé òkú náà àti ìgbẹ́ eku, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó nù ún. Gbígbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ ń gbé eruku rẹ̀ wọ imú. Ọtapiapia àti májèlé kò yẹ lẹ́bàá adágún tí ẹ ti ń pẹja.

Ọ̀rọ̀ kan ló so ẹ̀fọn àti eku pọ̀ nínú ilé ìwòsàn. Ibà Lásà àti ibà ẹ̀fọn jọra ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀. Nítorí ẹ̀fọn pọ̀ lọ́dọ̀ yín, gbogbo ibà ni ẹ ó máa sọ pé ibà lásán ni. Kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn ibà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kì í ṣe ibà ẹ̀fọn, tàbí tí ara ẹni tó ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì kò bá balẹ̀, ẹ má fi í pamọ́ sílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn láì dúró de ìbéèrè pé eku wà nínú ilé yín.